Ìsinmi ọ̀sán ní Magic Kingdom: àgbéyẹ̀wò hótẹ́ẹ̀lì kan àti bọ́ọ̀sì aago kan tí kò wá

Aago 12:52 ọ̀sán ni ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí Transportation and Ticket Center, ibi tí bọ́ọ̀sì àwọn hótẹ́ẹ̀lì tó wà níta ilẹ̀ Disney ti ń kó èrò Magic Kingdom, ọ̀kan nínú ọgbà ìgbafẹ́ mẹ́rin tí Disney ní ní Orlando. Aago 1:00 ló yẹ kí bọ́ọ̀sì hótẹ́ẹ̀lì wa gbéra níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé tí wọ́n fún wa pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá. Títí di aago 2:15, a ò rí ojú bọ́ọ̀sì. Ìdílé mẹ́rin la jọ dúró síbẹ̀: ọmọdé mẹ́sàn-án, kẹ̀kẹ́ ọmọ márùn-ún, ìyá àgbà kan tó fi páálí omi ṣe àga, nínú oòrùn oṣù Kẹjọ ní Florida tí í mú ọ̀dà rọ̀ lábẹ́ bàtà. Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé nìyẹn. Mi ò ní sọ bí yàrá ṣe fẹ̀ tó tàbí bí tẹlifíṣọ̀n ṣe tóbi tó. Nǹkan kan ṣoṣo la torí ẹ̀ gba hótẹ́ẹ̀lì yìí: kí àwọn ọmọ lè fi ọgbà ìgbafẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án, kí wọ́n wá sùn, kí wọ́n sì padà síbẹ̀ lálẹ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ní aago 1:12 a pe hótẹ́ẹ̀lì lórí fóònù. Ọkùnrin tó gbé e ní, "Bọ́ọ̀sì ti kúrò níbí, ẹ ní sùúrù." Ní 1:31, òun náà ló tún gbé e: ó ní ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà ni. Ní 1:50, obìnrin kan ló dáhùn. Ó ní ká dúró díẹ̀, a gbọ́ tó ń ṣí ìwé, ó padà wá, ó sì sọ òótọ́. Bọ́ọ̀sì aago kan kì í jáde àfi tí àlejò bá ti kọ orúkọ sínú ìwé orí káńtà kó tó di aago 8 alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ. Awakọ̀ kò tilẹ̀ kúrò nílé láti àárọ̀ tó ti já èrò ìkẹyìn sílẹ̀. A wá yẹ ìwé àkókò wò lẹ́ẹ̀kejì: àmì ìràwọ̀ kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1:00 lóòótọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ìwé, lẹ́tà rẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. Ẹni tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́ ṣàlàyé oúnjẹ àárọ̀, ó ṣàlàyé Wi-Fi, ó ṣàlàyé ibi tí aṣọ ìnura odò ìwẹ̀ wà. Kò mẹ́nu ba ìràwọ̀.

Òfin kíkọ orúkọ sílẹ̀ kò dùn mí rárá. Òfin tó mọ́gbọ́n dání ni. Ọkùnrin aago 1:12 ló dùn mí. Ká ní ó sọ pé òun ò mọ̀, à bá ti pe takisí ní 1:13, àwọn ọmọ ì bá sì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì kí aago méjì tó lù. Wákàtí kan ló gbà lọ́wọ́ wa pẹ̀lú gbólóhùn méjì tí kò ní ìdí.

Ọkọ̀ tí a pè fúnra wa ló gbé wa dé yàrá, aago 2:50 sì ti kọjá. Ibẹ̀ ni ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í ṣírò ti wọlé dé. Lóṣù Kẹjọ, aago Èkó àti ti Lọ́ńdọ̀nù dọ́gba, wọ́n sì fi wákàtí 5 ṣáájú Orlando. Aago 3:00 ọ̀sán ní Orlando jẹ́ aago 8:00 alẹ́ nínú ara ọmọ tó dé láti ọ̀kan nínú ìlú méjèèjì ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Ọmọ tó bá sùn lásìkò yẹn, oorun alẹ́ rẹ̀ ló sùn yẹn. A gbé wọn dìde, a fi omi tútù nù wọ́n lójú, wọ́n tún ṣubú lulẹ̀. Aago 11 alẹ́ ni wọ́n jí, tí wọ́n ń béèrè oúnjẹ. Àyè Lightning Lane (ọ̀nà àbùjá tí a ń sanwó fún kí a má bàa tò lórí ìlà gígùn) méjì tí a ti gbà sílẹ̀ fún 5:10 àti 6:20 ti ṣòfò, torí wákàtí kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń ṣí fún. Iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run ti tàn, ó ti kú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń mú ọmọ ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Èkó lọ, ẹ fi èyí sọ́kàn: kí oorun ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ kó tó di aago 1:15, kó má sì ju ìṣẹ́jú 100 lọ. Tí ó bá ti di aago 2:30 tí ọmọ kò tíì sùn, ẹ má jẹ́ kó sùn mọ́. Ẹ fi í sínú kẹ̀kẹ́, ẹ wá ibi tó tutù, kó tòògbé díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ti Atlanta tàbí Houston wá kò ní ìṣòro yìí. Aago wọn kò jìnnà sí ti Orlando.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ jáde láti ẹ̀yìn káńtà, ó jókòó tì wá lórí àga ìgbàlejò, kò sì bá wa jiyàn. Ó ní ká ka àkókò ìpè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún òun látinú fóònù, ó kọ wọ́n sílẹ̀. Ó dá owó ọkọ̀ tí a pè padà, ó yọ resort fee (owó àfikún tí hótẹ́ẹ̀lì ń gbà lórí owó yàrá) ọjọ́ náà kúrò nínú bíìlì. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó wúlò jù lọ tí mo gbọ́ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ kankan ní gbogbo ìrìn àjò náà: láàárín aago 11 sí 4, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni hótẹ́ẹ̀lì náà ní, ọgbà Disney mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń yí ká. Magic Kingdom ni ó kọ́kọ́ ń lọ ní 11:30. Ẹni tó bá wọ ti 11:30 kò ní yí ibì kankan ká, ilé tààrà ni. Ẹni tó bá dúró de ti 1:00 yóò bá a lọ sí ọgbà méjì mìíràn, Hollywood Studios àti Animal Kingdom, kó tó délé. Obìnrin aago 1:50 náà wà níbẹ̀. Ó kọ orúkọ wa sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin tó kù, ó sì fi òǹtẹ̀ lu ìwé náà lójú wa.

Ní ọjọ́ kejì a kúrò nídìí eré ní 10:40. Ẹ má rò pé ó ti yá jù. Ìlà máa ń kúrú ní wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn ṣíṣí, ó sì tún máa ń kúrú ní wákàtí méjì tó gbẹ̀yìn. Láàárín 11 sí 4 ni ó máa ń gùn jù. Ẹni tó jáde ní 10:40, ìdúró lásán ló ń sá fún. Láti Fantasyland, apá kan nínú Magic Kingdom, dé ẹnu ọ̀nà, ìṣẹ́jú 15 pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ọkọ̀ ojú omi tàbí monorail, ọkọ̀ ojú irin onírin kan? Ọkọ̀ ojú omi la yàn, torí ó ń kó èrò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí pé ẹ ń ká kẹ̀kẹ́. Awakọ̀ ti wà níbẹ̀ ní 11:25 pẹ̀lú ìwé orúkọ lọ́wọ́. Aago 11:55, a ti dé hótẹ́ẹ̀lì.

Odò ìwẹ̀ la kọ́kọ́ lọ, fún ìṣẹ́jú 40 péré. Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń kọ́kọ́ sùn, wọ́n á ní àwọn á lúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn náà. Láti oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án ní Orlando, òjò àti àrá máa ń dé lọ́sàn-án lọ sí ìrọ̀lẹ́. Bí mànàmáná bá ti kọ, wọ́n á kó gbogbo ènìyàn jáde nínú omi, ọmọ tó sì ti jí tó wọ aṣọ ìwẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Omi ṣáájú, oorun lẹ́yìn. Àgbàlagbà kan ní láti lọ sí yàrá ṣáájú àwọn tó kù, torí éésì yàrá náà máa ń pa ara rẹ̀ tí kò bá mọ̀ pé ènìyàn wà nínú ilé. A bá yàrá tó gbóná bí ààrò, ó sì gbà á tó ìṣẹ́jú 25 kó tó tutù. Ẹ̀rọ màkírówéèfù wà nínú yàrá. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ àná ni wọ́n jẹ. Ẹ fọ iyọ̀ àti òórùn omi odò ìwẹ̀ kúrò lára wọn, ẹ fa kọ́tìnì dé òpin, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. 1:05, gbogbo wọn ti sùn. 2:45 la jí wọn. 3:20 ni òjò bẹ̀rẹ̀, tí àrá ń sán, tí a mọ̀ pé eré ìta gbangba nínú ọgbà á ti dúró, tí gbogbo èrò á ti já lu ìlà inú ilé. A wọ bọ́ọ̀sì 4:00. Ní 4:50 a ti wà nínú Magic Kingdom, ilẹ̀ tutù, ìlà ń fà sẹ́yìn. Iná aago 9:00 alẹ́ tàn, aago 2:00 òru ni lára àwọn ọmọ yẹn, ojú wọn sì là kedere. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọkùnrin aago 1:12.

Mo rántí rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Àmì pé kí wọ́n má dí wa lọ́wọ́ wà lára ìlẹ̀kùn. Atúnléṣe kan kànkùn ní 1:25, ó sì ṣí i. Ọmọ méjì jí, wọn ò sùn mọ́. Ẹ lọ sídìí káńtà láàárọ̀, ẹ ní kí wọ́n tún yàrá yín ṣe kó tó di 11, kí wọ́n kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àmì ara ìlẹ̀kùn nìkan kò tó.

Ṣé kí ìdílé máa sinmi lọ́sàn-án, nígbà náà? Ìṣírò mi rèé: ẹ ka ìṣẹ́jú láti ẹnu ọ̀nà ọgbà dé orí bẹ́ẹ̀dì. Tí kò bá ju 45 lọ, ẹ lọ, pàápàá tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7 bá wà nínú yín tàbí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn. Tí ó bá ju wákàtí kan lọ, ẹ dúró. Nínú Magic Kingdom, eré inú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní Carousel of Progress máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 20 nínú òkùnkùn tútù lórí ìjókòó, ìlà rẹ̀ kì í sì í gùn. Baby Care Center wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oúnjẹ Crystal Palace, pẹ̀lú yàrá tí ìyá lè ti fún ọmọ lọ́mú. Ní EPCOT, ọgbà kẹrin, eré inú gbọ̀ngàn The American Adventure sún mọ́ ìṣẹ́jú 30. Wọ́n ń fún ènìyàn ní ife omi yìnyín lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ lórí káńtà. Tí ọmọ bá sùn nínú kẹ̀kẹ́, ẹ má fi aṣọ bò ó pátápátá. Ooru á há sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣí, kí fáànù kékeré fẹ́ sí i lẹ́sẹ̀.

Animal Kingdom kò yẹ fún lílọ àti bíbọ̀ rárá. Òun ló sábà máa ń tì ṣáájú nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ ṣe tán ní 1:00, ẹ padà sílé pátápátá.

Àwọn tó lówó jù wá lọ lè dé sí hótẹ́ẹ̀lì Disney fúnra rẹ̀, bíi Contemporary, tí wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn dé Magic Kingdom ní bí ìṣẹ́jú 10, tàbí Pop Century tí ọkọ̀ orí okùn Skyliner ń gbé èrò rẹ̀ lọ sí EPCOT àti Hollywood Studios láti 2019, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mànàmáná ń dá a dúró. Ọ̀nà àbùjá Contemporary yẹn wúlò fún ẹni tí kò sùn níbẹ̀ pàápàá: ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà hótẹ́ẹ̀lì náà, ẹ pe Uber síbẹ̀, ẹ ti fo ọkọ̀ ojú omi. Ká ní a mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́! Ní Disneyland ti Anaheim ní California, hótẹ́ẹ̀lì pọ̀ ní Harbor Boulevard tó jẹ́ pé títì nìkan ni ẹ ó sọdá. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ tí kò padà lọ sùn lọ́sàn-án ń fìyà jẹ ọmọ lásán.

Ìwé àkókò bọ́ọ̀sì: 1 nínú 5, títí wọn yóò fi gbé ìràwọ̀ yẹn wá síwájú. Ẹni tó ń gbé fóònù lọ́sàn-án: 0. Ọ̀gá alẹ́ àti obìnrin aago 1:50: 5. Atúnléṣe: 2. Hótẹ́ẹ̀lì lápapọ̀: 5 nínú 5, torí bí ọ̀gá alẹ́ ṣe tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. A ti gba yàrá kan náà sílẹ̀ fún oṣù Kẹjọ ọdún tó ń bọ̀, a sì ti fi ìméèlì ránṣẹ́ pé kí wọ́n kọ orúkọ wa sí bọ́ọ̀sì 11:30.