Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń ta "Ọjọ́ Kan ní Lọ́kọ́ja"

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ẹnikẹ́ni bá fi fọ́tò Òkè Patti ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, tó ní òun máa kó yín láti Kàbà lọ wo Lọ́kọ́ja láàárọ̀, òun á sì kó yín padà nírọ̀lẹ́, ẹ má tíì sanwó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú wa rí.

Ìyá mi ló wù láti lọ. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọmọ tó kọ́ tí kò gbọ́ ìtàn Àjàyí Crowther lẹ́nu rẹ̀: ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú, tó di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864, tó sì dá ilé ìwé Holy Trinity sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja lọ́dún 1865. Ọgbà ilé ìwé yẹn ni òpó irin méjì tí wọ́n ń pè ní Iron of Liberty wà, níbi tí wọ́n ti ń dá ẹrú sílẹ̀. Ìyá mi ò wọ ibẹ̀ rí. Bí mo ṣe rí i nínú ìpolówó pé wọ́n máa dé ibẹ̀, pé wọ́n á wa ọkọ̀ ojú omi lọ síbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, pé iyán àti ẹja odò la máa jẹ lọ́sàn-án, mo san ₦15,000 tèmi, mo san ti ìyá mi mọ́ ọn.

Aago mẹ́fà ni wọ́n dá fún wa. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá kí bọ́ọ̀sì tó yọjú, ẹlẹ́ni mẹ́rìnlá sì ni. Àwa mọ́kàndínlógún la fún mọ́ra nínú rẹ̀. Ọmọ kékeré méjì jókòó sórí báàgì níwájú orúnkún ìyá mi títí a fi kọjá Ọ̀bàjànà.

Ọmọkùnrin tó yẹ kó máa ṣàlàyé fún wa, inú fóònù ló ti ń kà á. Ní itẹ́ òkú àwọn òyìnbó, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n sin Mungo Park sí. Ìyá mi rọra dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, apá Bùsà lọ́hùn-ún ló kú sí, inú odò ni, lọ́dún 1806." Kò dáhùn. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ti ń kọ irọ́ rẹ̀ sínú ìwé.

Létí omi, wọ́n ní ká tún san ₦2,000 owó ọkọ̀. Life jacket mẹ́rin péré ló wà nínú ọkọ̀ náà, okùn ọ̀kan ti já. Mo kọ̀, mi ò jẹ́ kí ìyá mi wọ̀ ọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, orí Odò Ọya yìí náà ni ọkọ̀ tó gbéra ní ìpínlẹ̀ Kogí wa yìí ti dojú dé pẹ̀lú àwọn tó ń lọ sọ́jà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ. Àánú àwọn tí a jọ lọ tí wọ́n wọ ọkọ̀ náà ṣe mí títí wọ́n fi padà dé.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ìrẹsì tútù nínú ọ̀rá, pẹ̀lú gígé ẹja yìnyín kan. Etí Odò Ọya la wà o! Àwọn obìnrin ń yan ẹja àrọ̀ lápá ọ̀tún wa, òórùn rẹ̀ ń kọ lu wá nímú.

Ilé ìwé Crowther la kọjá láìdúró. "Iye, àsìkò ti lọ," ni wọ́n wí. Ìyá mi fọwọ́ lé gíláàsì fèrèsé, ó ń wò ó títí a fi yà. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa lọ́nà, gbogbo wa la sì mọ ohun tí ojú ọ̀nà yẹn ti dà lálẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi rí iná Kàbà.

Nígbà tí mo béèrè owó mi, wọ́n dí nọ́ńbà mi pa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún rí fọ́tò kan náà, orúkọ mìíràn, àkáǹtì mìíràn, ₦18,000. Èyí ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè orúkọ tó wà lórí àkáǹtì. Orúkọ ẹnì kan ni tiwọn, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ tí wọ́n ń pe ara wọn. Ẹ wá orúkọ iléeṣẹ́ náà lórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ béèrè iye life jacket, kí ẹ sì béèrè aago tí bọ́ọ̀sì máa kúrò ní Lọ́kọ́ja. Bó bá kọjá aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ má lọ. Ẹ má san ju ìdajì lọ kí ẹ tó fojú rí bọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá pé mẹ́wàá, ẹ lè dáwó jọ gba bọ́ọ̀sì fúnra yín ní gáréèjì, kí ẹ ra ẹja yín lọ́wọ́ àwọn obìnrin etí omi.

Ẹni tó bá ti sanwó fún wọn, ẹ má pa àláàtì yín rẹ́. Àwa mẹ́jọ ti kó tiwa jọ, ọjọ́ Ajé la máa gbé e lọ fún ọlọ́pàá ní Kàbà.