Ìkìlọ̀: ẹ wo ẹ̀yìn ẹja kí ẹ tó sanwó fún ohun tí wọ́n ń pè ní Heterobranchus

Ẹ̀yin ará mi tí à ń ra ọmọ ẹja láti sìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Gbájúẹ̀ kan wà níta tó ti mú mi, ó sì dá mi lójú pé èmi nìkan kọ́ ló mú. Wọ́n á gba owó Heterobranchus, ìyẹn ẹja kan tó jẹ́ ìbátan àrọ̀, lọ́wọ́ yín, ọmọ àrọ̀ lásán, ìyẹn Clarias gariepinus, ni wọ́n á kó sínú àpò ọ̀rá fún yín.

N ò sọ pé àrọ̀ burú o. Ẹja gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ àrọ̀, kó san owó àrọ̀.

Ọkùnrin tó tà á fún mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n ka irùngbọ̀n tó yí ẹnu ẹja náà ká, mo kà á, ó pé mẹ́jọ. Ó ní kí n fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó fẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì le bí egungun. Ó gbé ọ̀kan sórí ilẹ̀ gbígbẹ, àwa méjèèjì dúró tì í, kò kú. Ó wá ní, “Ẹ wo bó ṣe dúdú, ọ̀gá mi, àrọ̀ kì í dúdú báyìí.” Mo sanwó.

Mẹ́ta nínú ohun tó fi hàn mí jẹ́ òótọ́, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ ẹ̀rí nínú wọn. Ìdílé kan náà ni àrọ̀ àti Heterobranchus ti wá, Clariidae ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Àwọn méjèèjì ló ní irùngbọ̀n mẹ́jọ, àwọn méjèèjì ni orí wọn le, àwọn méjèèjì ló sì lè mí afẹ́fẹ́ níta omi fúngbà díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya ìbejì sọ́tọ̀, ṣé ohun tí wọ́n fi jọra ló yẹ kó máa nàka sí? Ní ti àwọ̀, ẹ má tilẹ̀ dá a lóhùn. Omi tí ẹja ń gbé ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ìmọ́lẹ̀ ń yí i padà, ìdààmú pàápàá ń yí i padà.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ wò. Ẹ bu omi sínú abọ́ funfun, ẹ fi ẹja kan sí i, kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Lẹbẹ ẹ̀yìn àrọ̀ kan ṣoṣo ni, ó gùn láti ẹ̀yìn orí títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí ìrù. Tí ẹ bá na ẹja náà sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí àwọn egungun tín-ín-rín tó tò sínú lẹbẹ yẹn bí eyín òòyà, wọ́n máa ń lé ní 60. Ti Heterobranchus yàtọ̀. Lẹbẹ eléyín òòyà tirẹ̀ kúrú, egungun inú rẹ̀ kì í tó 50, ó sì parí lágbedeméjì ẹ̀yìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹbẹ kejì wà, ọlọ́ràá ni ìyẹn: ó nípọn, ó ń dán, kò ní eyín òòyà kankan. Kódà orúkọ ọ̀kan nínú wọn, Heterobranchus bidorsalis, ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀, nítorí “ẹ̀yìn méjì” ni bidorsalis. Tí èmi bá ti bi ẹnikẹ́ni ní ìtumọ̀ orúkọ yẹn kí n tó yọ owó!

Àmúlùmálà àwọn méjèèjì ló ń kó wàhálà báni jù. Òun náà ní lẹbẹ ọlọ́ràá, ṣùgbọ́n kékeré ni, ó wà láàárín ti bàbá àti ti ìyá. Nítorí náà, tí ẹ bá rí kékeré níbi tí wọ́n ti ṣèlérí ojúlówó, ẹ bi wọ́n léèrè. Tí ẹ kò bá sì rí rárá, kò sí àríyànjiyàn kankan mọ́, àrọ̀ ni.

Ẹ sọ́ra fún àwọn tí wọ́n máa ń fẹ́ ta èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin fún yín. Ní ọjọ́ orí yẹn, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló yí ẹ̀yìn àti ìrù wọn ká, lẹbẹ kò tíì pínyà, kò sì sí ojú tó lè fi èyí mọ èyí. Ẹ jẹ́ kó dàgbà kí ẹ tó rà á. Nígbà tí mo padà lọ bá ọkùnrin yẹn, ohun tó sọ fún mi ni pé lẹbẹ kejì á hù tó bá yá. Ẹja mi ti gùn ju ọwọ́ mi lọ nígbà yẹn o.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹpìyà, wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ fún yín náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Nile, Oreochromis niloticus, máa ń ní àwọn ìlà tó tò tẹ̀léra lórí ìrù rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Oríṣi ẹpìyà mìíràn, Oreochromis mossambicus, kò ní in. Àmọ́ ẹ má fi àmì dúdú tó wà lórí lẹbẹ ẹ̀yìn ọmọ ẹpìyà ṣe ìdájọ́ o, oríṣiríṣi ẹpìyà ló máa ń ní in ní kékeré.

Ẹ má rà á lálẹ́, ẹ má sì rà á láti inú fọ́tò. Ẹ fọwọ́ ara yín mú mẹ́wàá láti ibi tó wù yín nínú omi, kì í ṣe èyí tí olùtajà bá bù wá. Tó bá kọ̀, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹni tó ta tèmi kì í gbé fóònù mi mọ́. Mo tún dé ìdí omi láàárọ̀ yìí, mo mú ọ̀kan, mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Lẹbẹ kan ṣoṣo ọjọ́sí náà ni.