Wọ́n ní ariwo ni àwọn gé: ohun tójú mi rí nídìí kásẹ́ẹ̀tì Grateful Dead

Apá kejì kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 90 yẹ kó jẹ́ ìṣẹ́jú 45. Èyí tí ṣọ́ọ̀bù yìí, tó ń sọ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ di fáìlì kọ̀ǹpútà, fi ránṣẹ́ sí mi jẹ́ 34. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá mi lójú: orin kan parí, èrò ń hó, lójijì ó já bọ́ sáàrin orin mìíràn. Ìlù tó yẹ kó wà láàrin méjèèjì ti lọ. Ìlù yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde nílé.

Bàbá òyìnbó kan ń gbé ìsàlẹ̀ wa níbí ní Oakland. Nígbà tó ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ obìnrin, ó gbé páálí bàtà kan lé mi lọ́wọ́. Kásẹ́ẹ̀tì Maxell 14 ló wà nínú ẹ̀, eré Grateful Dead, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí òun àti ìyàwó ẹ̀ lọ gbà sílẹ̀ fúnra wọn. Kí ẹgbẹ́ yẹn tó tú ká ní 1995, wọn kì í bá ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ wá jà. Láti oṣù kẹwàá 1984, wọ́n tiẹ̀ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ fún àwọn agbohùnsílẹ̀, wọ́n á tò wọ́n sẹ́yìn àwọn tó ń darí ohùn, ọ̀pá máìkì á wá dúró ṣángílítí bí oko àgbàdo. Ohun tí wọ́n ní ni pé: ẹ pààrọ̀ ẹ̀ láàrin ara yín, ẹ ṣá má tà á. Ẹni tó bá ti gbọ́ Barrister tí wọ́n gbà lóde ìnáwó rí mọ ìdí tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi ń dùn ju àwo lọ.

Bàbá mọ̀ pé ọmọ onílù ni mí. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé Mickey Hart, ọ̀kan nínú àwọn onílù wọn méjì, di ọ̀rẹ́ Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò nítòsí Badagry, pé àwọn méjèèjì wà nínú Planet Drum, àwo ọdún 1991 tó gba Grammy, tí Sikiru Adepoju ọmọ Ẹ̀rúwà lu gángan sí. Lára pépà inú kásẹ́ẹ̀tì kẹta, ó fi bírò pupa fàlà sábẹ́ “Drums”, ibi tí àwọn onílù ti ń dá lùlù nínú eré wọn, lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ lè ní ṣebí eré wọn kún Internet Archive, ibi tí wọ́n ń kó nǹkan àtijọ́ pa mọ́ sí lórí ayélujára. Ó kún un. Èyí tí èrò ìwòran gbà, ẹ lè wà á jáde. Èyí tó ti inú ẹ̀rọ ẹgbẹ́ náà wá, gbígbọ́ nìkan ni wọ́n gbà wá láàyè. Ṣùgbọ́n ti bàbá ò sí níbẹ̀. Kò fi han ẹnikẹ́ni rí.

Dọ́là 18 ni wọ́n gbà lórí kásẹ́ẹ̀tì kan. Mo fóònù wọn. Ọmọbìnrin tó gbé e ní, “Ẹ má bínú sà, kọ̀ǹpútà ló máa ń gé ibi tí kò bá sí orin.”

Mo ní, “Ìlù ló wà níbẹ̀.”

Ó ní, “Lójú ẹ̀rọ, ó jọ ariwo ni.”

Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo ní ilé Àyàn ni wọ́n bí mi sí, ẹ wá ń sọ fún mi pé ìlù kì í ṣe orin? Ó dákẹ́. Ó ní kí n dì í mú díẹ̀, ó sì fi dùùrù kan báyìí há mi létí fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Kọ̀ǹpútà ò gé ìyẹn.

Ní Sátidé mo gba ibẹ̀ lọ, ìjà ni mo bá lọ. Ọkùnrin arúgbó kan jáde láti ẹ̀yìn, ó ti gbé awò ojú ẹ̀ síwájú orí. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn na ọwọ́, ó ní, “Gbé e wá.” Ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì Nakamichi kan tó ti gbó, ó mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi ń yí ìdè bíńtín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí tó ń ka téèpù, díẹ̀díẹ̀, ó di ojú. Ohùn tó ti ń dún bí ẹni pé wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó là sílẹ̀. Àwo idẹ onílù ń dún ṣìnwìn-ṣìnwìn. Ó ní tí orí yẹn bá wọ́ díẹ̀ sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n ń gbà á, gbogbo ohùn tíńrín ló máa sọnù.

Bó ṣe ń yí i padà sẹ́yìn ló ń sọ fún mi nípa téèpù Betty Cantor-Jackson, obìnrin tó máa ń gba ohùn ẹgbẹ́ náà sílẹ̀: wọ́n lu wọ́n ní gbàǹjo ní 1986 nítorí owó ibi tó kó wọn pa mọ́ sí tí kò san. Eré tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Cornell lọ́jọ́ 8 oṣù karùn-ún 1977 wà nínú wọn. Ọdún 2017 ni wọ́n tó gbé e jáde bí àwo gidi. Kí n tó fèsì, ó ti pa ohun tó ń fọ ariwo kúrò, ó tẹ̀ ẹ́.

Obìnrin kan sọ̀rọ̀ lẹ́bàá máìkì: “Ṣé ó ń ká a?” Ẹnì kan wúkọ́. Mo mọ ikọ́ yẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gbọ́ ọ láti abẹ́ pákó ilé wa lóru. Ìlù wá bẹ̀rẹ̀. Arúgbó yẹn ò sọ nǹkan kan títí apá yẹn fi parí, èmi náà ò sọ.

Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, “Téèpù 1, Téèpù 2” ni wọ́n sì kọ sára fáìlì bí ẹni tí kò mọ̀wé. Èyí tó burú jù: pépà kásẹ́ẹ̀tì kẹta ti sọnù. Arúgbó náà tú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí wò fúnra ẹ̀, kò rí i. Ọmọbìnrin ọjọ́sí ní àwọn lè tẹ òmíràn fún mi. Ta ló fẹ́ òmíràn?

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún. Ẹ ya fọ́tò pépà yín kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ sì ní arúgbó tó wà lẹ́yìn lẹ fẹ́ rí.