Ta ló ni màgasíìnì ọ̀ṣọ́ ilé? Àgbéyẹ̀wò láti ṣọ́ọ̀bù kọ́tìnì kan l'Ádó-Èkìtì

Kọ́tìnì àti bẹ́dṣíìtì ni mò ń rán ní Òkèṣà, torí náà màgasíìnì ọ̀ṣọ́ ilé kì í ṣe ohun tí mo fi ń najú. Irinṣẹ́ mi ni. Ọwọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ni mo ti ń rà á, èyí tó ti pẹ́ díẹ̀ náà ò sì burú, àṣà pálọ̀ kì í tètè yí padà. Oníbàárà á jókòó, á ṣí i wò, á fìka tọ́ka: "Irú èyí ni mo fẹ́." Láti ibi tí ìka wọn bá dúró sí ni mo ti wá mọ ẹni tí ìwé kọ̀ọ̀kan ń bá sọ̀rọ̀.

Better Homes and Gardens ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé fún èèyàn. Ìlú Des Moines ní Iowa, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1922, Fruit, Garden and Home lorúkọ tó kọ́kọ́ ń jẹ́. Edwin Meredith tó dá a sílẹ̀ ti ń tẹ ìwé fún àwọn àgbẹ̀ láti 1902, ó sì ti ṣe mínísítà ètò ọ̀gbìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí. Ó hàn lára ìwé náà títí dòní pé ẹni tó mọ bí owó ṣe ń wọlé fún àgbẹ̀ ló pilẹ̀ rẹ̀. Wọn ò ní ní kẹ́ ẹ ju àga àtijọ́ nù. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi sáńpépà há a, kẹ́ ẹ kùn ún, kẹ́ ẹ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, wọ́n á sì sọ iye yáàdì tí ẹ máa rà. Íǹṣì ni wọ́n fi ń wọn nǹkan, bí èmi àti káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣe ń wọn tiwa. Káfíńtà yìí gan-an ló ń lò ó jù mí lọ. Bó bá yá a lọ, eruku pákó ni yóò kún àárín rẹ̀ nígbà tó bá padà dé, yóò sì ti fi pẹ́ńsùlù kọ ìwọ̀n sára àwòrán kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ rò pé onílé ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. L'Ádó níbí, oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń kà á gbó.

Ideal Home ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló tẹ̀ lé e lọ́dọ̀ tèmi. Ó ti wà láti 1920. Yàrá àwọn ará ibẹ̀ kéré, wọ́n sì mọ ọgbọ́n à ń kó ẹrù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tọkọtaya tuntun tó gba rúùmù kan àti pálọ̀ ní Básírì, òun ni mo máa ń nà sí wọn. Sẹ̀ntímítà tí wọ́n ń lò nìkan ló máa ń dà mí láàmú.

Architectural Digest wá ńkọ́? California ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1920, àwọn ayàwòrán ilé ló sì kọ́kọ́ wà fún. Ní báyìí, ilé àwọn òṣèré àti olówó ló kún inú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́lé láti òkè òkun fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, WhatsApp ni wọ́n fi máa ń ya ojú ewé rẹ̀ ránṣẹ́. Ó dùn ún wò o, àmọ́ n kò tíì rí nǹkan kan gé níbẹ̀. Mo fi í sórí tábìlì nítorí pé oníbàárà tó bá rí i á rọra dín ìnájà kù.

Ẹ̀sùn mi sí gbogbo wọn ni oòrùn. Ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè wọlé. Àwa ń sá fún un ni. Bí n kò bá fi ìtẹ́nú sí i, àwọ̀ aṣọ á ti ṣá kí ọdún tó yí po. Aúntí kan ní dandan, àfi kí kọ́tìnì òun funfun, kó sì máa wọ́ nílẹ̀ bíi ti inú ìwé. Títì wọn ò ní ọ̀dà, ọyẹ́ sì dé: etí aṣọ náà pọ́n bí osùn. Ẹ tún wo fèrèsé inú àwòrán wọn dáadáa, kò sí irin, kò sí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni àga. Wọ́n á fà á kúrò lára ògiri, wọ́n á to mẹ́rin kojú síra wọn, ajá á sùn sórí kápẹ́ẹ̀tì. Màmá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà tẹjú mọ́ ọ̀kan, wọ́n ní: "Ṣé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ìpàdé ẹbí ni? Níbo ni ọkọ ìyàwó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sí?" Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ìdí tí àga wa fi ń fẹ̀yìn ti ògiri nìyẹn: àárín pálọ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo fún ìkómọ, fún àdúrà, fún àwọn àna.

Ìkẹ́rẹ́ ni màmá yìí ti wá, wọn ò sì fẹ́ràn bí àwọn màgasíìnì wọ̀nyí ṣe máa ń gbé àpótí ìjókòó ilẹ̀ Áfíríkà sí igun ilé láìdárúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Wọ́n rán mi létí ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, gbẹ́ sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley lọ́dún 1924. Àwọn òyìnbó fẹ́ rà á, Ògògà ò tà. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kábíyèsí gbà dípò, ilẹ̀kùn sì wà ní British Museum títí dòní. "Ẹni tó gbẹ́ ìyẹn náà lórúkọ," ni màmá wí. Ìkòkò Ìṣàn-Èkìtì ni wọ́n gbé wá níjọ́ kejì, pé kí n wá aṣọ tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu. Kò sí màgasíìnì tó ràn mí lọ́wọ́ lórí ìyẹn, ọjà ni mo wá a lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, Better Homes ti oṣù Kẹta sí Karùn-ún ni kẹ́ ẹ béèrè. Ti oṣù Kẹwàá kún fún elégédé tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà (elégédé tá à bá fi se ọbẹ̀!), ti oṣù Kejìlá sì jẹ́ kìkì igi Kérésì. Kẹ́ ẹ sì ṣí gbogbo ojú ewé wò kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ojú ewé tí ìwọ̀n àga wà ni ẹni tó ti lò ó ṣíwájú yín máa ń fà ya.