Àgbéyẹ̀wò Rọ́là Elite Arion fún Gígun Kẹ̀kẹ́ Nínú Ilé

Ní Manchester tí mo ń gbé, oòrùn a máa wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù nínú oṣù Kejìlá. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ kì í bá ìmọ́lẹ̀ tí yóò fi gun kẹ̀kẹ́ lójú títì mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ra rọ́là Elite Arion, tí ilé-iṣẹ́ ará Ítálì kan ń ṣe, mo sì ti lò ó fún ìgbà òtútù méjì gbáko báyìí.

Rọ́là yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀rọ tó ń fi irin di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú. Àgbá róbótó mẹ́ta ló wà lórí férémù rẹ̀, méjì lábẹ́ táyà ẹ̀yìn, ọ̀kan lábẹ́ táyà iwájú, bẹ́líìtì kan sì so ti iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn kí táyà méjèèjì lè máa yí pọ̀. Nǹkan kan kò di kẹ̀kẹ́ mú. Ẹni tó gùn ún ni yóò gbé ara rẹ̀ dúró. Ohun tó jẹ́ kí n yan Arion ni pé àárín àwọn àgbá rẹ̀ tẹ̀ wọnú díẹ̀, bí ìbàdí dùndún, etí wọn sì ga, tó fi jẹ́ pé bí táyà bá fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́, etí náà a máa dá a padà sáàárín. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, n kò rí àǹfààní mìíràn tó tó èyí.

Kí ẹ tó gùn ún, ẹ wọn férémù mọ́ gígùn kẹ̀kẹ́ yín, kí àgbá iwájú ṣáájú ọ̀gangan àárín táyà iwájú díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le gan-an. Ẹnu ọ̀nà yàrá ni mo gbé e sí, kí òpó ilẹ̀kùn lè wà lọ́tùn-ún àti lósì fún mi láti dì mú, mo sì yan jíà tí kò fúyẹ́ jù, tí kò sì wúwo jù. Àṣìṣe mi ni pé táyà iwájú ni mo ń wò. Bí mo bá ti tẹjú mọ́ ọn, ọwọ́ mi a le gan-n-gan, kẹ̀kẹ́ a sì máa mì. Ìgbà tí mo gbé ojú sókè sí ara ògiri tó wà níwájú, tí mo dẹ èjìká, tí mo sì ń yí pẹ́dà ní nǹkan bí ìgbà 90 láàárín ìṣẹ́jú kan, ni kẹ̀kẹ́ tó tòrò. Bí àyà bá ń já yín, ẹ má ṣe dẹ ẹsẹ̀, nítorí pé bí táyà bá ṣe ń yí lọ́ra tó ni mímì náà ń pọ̀ tó.

Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù pé bí táyà bá bọ́ lórí àgbá, kẹ̀kẹ́ yóò gbé àwọn lọ lu ògiri. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ojú kan náà ni ènìyàn àti kẹ̀kẹ́ wà, táyà nìkan ló ń yí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni tèmi bọ́, ẹ̀gbẹ́ ni mo sì wó sí, èjìká mi gbá òpó ilẹ̀kùn, ó parí síbẹ̀.

Rọ́là yìí fúyẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ líle bíi gígun òkè yóò nílò Arion Mag, tí ó ní mágínẹ́ẹ̀tì tó ń mú kí pẹ́dà le láti yí, ní ìpele mẹ́ta. Èmi kò nílò rẹ̀. Ní pápá ìdíje kẹ̀kẹ́ Manchester, tí wọ́n ṣí ní 1994, orí rọ́là ni mo ti ń rí àwọn eléré tí wọ́n ń mú ara gbóná, ẹsẹ̀ wọn ń yára, òkè ara wọn kò sì mì; ohun tí mo fẹ́ kọ́ gan-an nìyẹn. Ẹ ra fáànù, nítorí pé afẹ́fẹ́ kankan kò ní fẹ́ sí yín lára, òógùn yóò sì máa kán sílẹ̀.

Ní oṣù kẹta, mo lè fi ọwọ́ kan mu omi lórí rẹ̀. Nígbà tí ìrúwé dé tí mo sì padà sójú títì, mo gun orí ìlà funfun tó wà létí ọ̀nà, táyà mi kò sì kúrò lórí rẹ̀ títí tí mo fi dé oríta.