Wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ bọ́ọ̀sì mi, páìpù èéfín ló ń jò

Bí kì í bá ṣe ọmọ iṣẹ́ kan tó wọ abẹ́ ọkọ̀ mi, èébú nìkan ni ǹ bá fi kọ àgbéyẹ̀wò yìí.

Bọ́ọ̀sì mi ti dàgbà, ó sì ń mu epo jù. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ ọn, kóòdù P0171 jáde, èyí tó ń sọ pé epo kéré sí afẹ́fẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì. Láìbẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ rárá, ó ní kí n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn méjèèjì, àwọn tó ń wọn ọ́síjìn inú páìpù èéfín. Òun ló yan èyí tí mo rà, òun náà ló fi wọ́n sí i. Kò pẹ́, iná ẹ́ńjìnnì tún tàn, kóòdù kan náà. Nígbà tí mo padà dé, ó ní, "Ayédèrú lẹ rà." Ara mi gbọ̀n! Ẹnu tó ní kò sí èyí tó dáa tó o ló tún ń pè é ní ayédèrú.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wá sọ́dọ̀ mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù ná." Nígbà tó tutù tán, ó da omi ọṣẹ sí ibi tí páìpù èéfín ti pàdé mánífóòdù, irin tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì. Ẹnì kan tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ẹlòmíì fi àkísà nípọn dí ẹnu sàlẹ́ńsà díẹ̀. Ṣíì! Ìfófòó hó níbẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń dí àárín irin méjèèjì, ti jó. Ó ṣàlàyé fún mi pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ìta ń gbà wọlé. Sẹ́ńsọ̀ iwájú á rí ọ́síjìn tó pọ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé epo ò tó, á tún bu sí i. Ti ẹ̀yìn, catalyst, ohun tó ń fọ èéfín mọ́, ló ń ṣọ́ ní tirẹ̀. Kí wá ni ọ̀gá ní kí n ra méjèèjì fún?

Ẹ wo ọwọ́ ọmọ yìí lẹ́nu iṣẹ́. Bóòtù kan kán nítorí ìpẹtà, ó fi dírílì lu ú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jáde. Kí wẹ́dà tó tanná mọ́ páìpù tó jẹrà, ó ti yọ okùn bátìrì, ó ti tú àwọn sẹ́ńsọ̀. Gíríìsì anti-seize (tí kì í jẹ́ kí irin lẹ̀ mọ́ra) tó fi pa wọ́n kó tó dá wọn padà, ẹsẹ̀ tó ń yí wọlé nìkan ló kàn, kò jẹ́ kó débi orí.

Iná ti kú, epo ti dínkù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá gba owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò bẹ̀ mí, kò dá kọ́bọ̀ padà. Rọ́bà tó gbé sàlẹ́ńsà dúró náà, wọn ò pààrọ̀ rẹ̀. Tí mo bá já sí kòtò, páìpù á gbá abẹ́ ọkọ̀ gbàá.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọmọ iṣẹ́ náà ni kẹ́ ẹ bèèrè, ẹ má sì ra sẹ́ńsọ̀ kankan kó tó yẹ páìpù yín wò.