Ìbòtí Aláìní-bátìrì fún Ọmọ Tí Ariwo Ọgbà Ìgbafẹ́ Máa Ń Borí: Àgbéyẹ̀wò

Ìbòtí tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ti orin. Ife oníke méjì ni, tìmùtìmù yí ẹnu wọn ká, fóòmù wà nínú wọn, ọ̀já kan tó gba àárín orí kọjá ló so wọ́n pọ̀. Kò ní wáyà, kò ní bátìrì. Ẹ jẹ́ kí a fi Peltor Kid tí ilé-iṣẹ́ 3M ń ṣe ṣàpẹẹrẹ: NRR 22 ni wọ́n kọ sí i ní Amẹ́ríkà, SNR 27 ní Yúróòpù. Nọ́ńbà méjèèjì ń sọ iye dẹ̀síbẹ̀lì, ìyẹn ìwọ̀n ariwo, tí ìbòtí lè dín kù. Irinṣẹ́ kan náà ni. Ọ̀nà ìwọ̀n ló yàtọ̀.

Ẹ má rò pé dẹ̀síbẹ̀lì 22 ni yóò dín kù lójú ayé. Yàrá ìdánwò ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, máa ń yọ 7 kúrò, wọn a sì pín èyí tó kù sí méjì, ìyẹn 7.5. Ó dà bíi pé ó kéré, àmọ́ ìrànlọ́wọ́ gidi ni. NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́ níbẹ̀, fi ààlà ariwo sí dẹ̀síbẹ̀lì 85 fún wákàtí 8 lóòjọ́. Bí ariwo bá fi 3 lé e, àkókò á dín sí ìdajì. Ariwo 91, tí kò yẹ kí etí gbà ju wákàtí 2 lọ, á padà sísàlẹ̀ 85. Òṣìṣẹ́ àgbàlagbà ni wọ́n ṣe ìlànà yẹn fún o. Ariwo tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ ti tó láti da ọmọ tó ní ọ́tísímù rú, ìyẹn ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń gba ìró àti ìmọ̀lára lọ́nà tó yàtọ̀.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju hẹ́dífóònù oníbátìrì tó ń pa ariwo lọ. Ariwo tó rinlẹ̀ tí kò yí padà, bíi ti ẹ́ńjìnnì bàálù, ni tọ̀hún mọ̀ ọ́n pa. Igbe òjijì àti ìró báńgà ojú ọ̀run kì í dúró dè é.

Irun ló sábà máa ń ba iṣẹ́ ìbòtí jẹ́ fún àwọn ọmọ wa. Tìmùtìmù gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ yí etí ká. Àlàfo tín-ín-rín ti tó fún ariwo láti wọlé. Ṣùkú kò bá a mu rárá, torí àárín orí tí irun kóra jọ sí gan-an ni ọ̀já ń gbà. Irun dídì tó nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí náà máa ń gbé tìmùtìmù sókè. Ẹ di í pẹlẹbẹ, kó máa lọ sí ìpàkọ́. Ẹ yọ yẹtí. Apá gíláàsì oòrùn ń ṣí àlàfo sílẹ̀ pẹ̀lú. Fìlà tó ní bèbè níwájú sàn jù, kí ọ̀já wà lórí fìlà, kí tìmùtìmù wà lára awọ.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́ fún un, ẹ fa ife méjèèjì wálẹ̀ dé òpin, ẹ kó gbogbo etí sínú wọn, kí ẹ tó tẹ ọ̀já wálẹ̀ kan orí. Ẹ fi ìka yí ẹ̀bá rẹ̀ ká láti wá àlàfo. Lẹ́yìn náà ẹ tan bùléńdà, kí ẹ tẹ ife mọ́ orí rẹ̀: bó bá ní ariwo tún dín kù gan-an, kò tíì dí dáadáa. Ilé ni kó ti mọ̀ ọ́n lára, ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó bá ń ṣe ohun tó fẹ́ràn. Ẹnu ọ̀nà ọgbà kọ́ ni ibi ìdánwò.

Ọgbà tí ẹ bá yàn náà ṣe pàtàkì. Sesame Place ní Langhorne, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ló kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí lórí ọ́tísímù láàárín àwọn ọgbà ìgbafẹ́, lọ́dún 2018. Ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ fún eré kọ̀ọ̀kan dára gan-an: ìfọwọ́kàn, ìtọ́wò, ìgbọ́ràn, ìgbóòórùn àti ìríran, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú máàkì láti 1 dé 10. Ẹ kà á kí ẹ tó kúrò nílé. Níbi tí ìgbọ́ràn bá ti ga, ìbòtí á ràn yín lọ́wọ́. Níbi tó bá jẹ́ pé omi tó ń ta síni lára tàbí òórùn oúnjẹ ni ìṣòro, kò wúlò. Ọ̀pọ̀ òbí kì í ronú kan èyí, wọ́n á wá sọ pé ìbòtí ò ṣiṣẹ́.

Kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀ ni kó ti wà létí. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí òun. Bó bá ń di ojú, tó dákẹ́ lójijì, tàbí tó ń fa aṣọ yín, ẹ ti mú ọ̀nà yàrá ìdákẹ́jẹ́ pọ̀n. Báńgà ojú ọ̀run, ẹ wò ó láti òkèèrè: ní gbangba, bí ẹ bá ti sún jìnnà ní ìlọ́po méjì, ariwo á fi bíi dẹ̀síbẹ̀lì 6 dín kù. Nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ọwọ́ gbẹ le ju bí àgbàlagbà ṣe rò lọ. Ẹ mú tíṣù dání, kí ẹ sì fi bébà alálẹ̀mọ́ bo ojú ẹ̀rọ tó ń da omi sí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má bàa pariwo lójijì.

Àwọn eré tó ń sáré gan-an sábà máa ń ní kí a yọ ìbòtí. Ọmọ tó ti dàgbà lè fi fóòmù sétí: yí i di tín-ín-rín, fa etí sókè sẹ́yìn, tì í wọlé, dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ má fún ọmọ kékeré. Ó lè gbé e mì.

Ooru ni àléébù rẹ̀ tó tóbi jù. Òógùn máa ń kóra jọ sínú ife. Ẹ bọ́ ọ ní gbogbo ibi tó bá ti pa rọ́rọ́, kí ẹ nù ún. Bíbọ́ ọ ṣe pàtàkì fún etí pẹ̀lú: àwọn onímọ̀ ìgbọ́ràn kìlọ̀ pé etí tí a ń dí láti àárọ̀ dalẹ́ lè túbọ̀ máa bẹ̀rù ìró kékeré.